Jẹ́sì Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, òjò ìlú Ormsley kò sì tíì dá láti ọjọ́ Ajé. Nínú yàrá ìfọṣọ tó wà lábẹ́ ìjókòó àwọn òǹwòran, Àǹtí Winnie, opó tó ti ń fọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú náà láti ọdún mọ́kànlélógún, ń lọ jẹ́sì. Ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà ni Neville Sugden, ọmọ ogún ọdún. Agbábọ́ọ̀lù iwájú ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ló ń gbá láti oṣù kẹjọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Winnie."

"O káàbọ̀, Neville. Nu ẹsẹ̀ ẹ."

Ó nu ún. Ó tún un nù. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìkọ́ aṣọ mọ́kànlá tó wà lára ògiri.

"Mo ní kí n kàn wá ràn yín lọ́wọ́ ni."

"Kí lo fẹ́ bá mi ṣe?"

"Ohunkóhun. Bí ẹ bá ní jẹ́sì tẹ́ ẹ fẹ́ gbé kọ́, ẹ kàn sọ fún mi pé ti ta ni, màá mọ ibi tí màá gbé e sí."

Àǹtí Winnie gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Líìsì àwọn tó máa gbá lọ́la lo wá wò."

"Líìsì wo?"

"Èyí tó wà nínú ìwé orin mi. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá ń fún mi, kí n lè mọ jẹ́sì tí màá tò sílẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá gan-an ò rí i rí."

"Èmi ò sọ pé mo fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ìwé orin láti kọrin, tí nǹkan sì já bọ́ nínú ẹ̀, mo lè bá yín he é."

"N kì í kọrin lẹ́nu iṣẹ́."

Neville jókòó sórí apẹ̀rẹ̀ aṣọ ìdọ̀tí. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbẹ̀yìn sáà ni tọ̀la. Tó bá di ọjọ́ Ajé, alága ẹgbẹ́ á lẹ bébà mọ́ ilẹ̀kùn: ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ á dúró, ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ á lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Gbogbo ìṣẹ́jú tí Neville sì ti gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà kò ju mọ́kàndínlógójì lọ.

"Màmá mi ti lọ bá fọ́máànù ilé iṣẹ́ kápẹ́ẹ̀tì," ó ní. "Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún mi níbi tí wọ́n ti ń ká a."

"Iṣẹ́ tó dáa ni. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀."

"Àǹtí, mi ò fẹ́ ká kápẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá jẹ́ kí n gbá bọ́ọ̀lù fún wákàtí kan ààbọ̀ lọ́la, tí mo sì ju ẹyọ kan ṣoṣo sáwọ̀n, alága ò ní lè yọ orúkọ mi. Mo ti ṣírò ẹ̀. Bí ẹni méjì bá ṣàìsàn, tí ẹnì kan sì pẹ́ dé, èmi ló kàn."

"Ẹni mẹ́ta lo fẹ́ kí n máa gbàdúrà ibi fún?"

"Kì í ṣe ibi ńlá. Ikọ́ lásán."

"Hùn."

"Mo ti ń múra sílẹ̀. Níwájú dígí ni mo ti kọ́ bí màá ṣe gbé ọwọ́ sókè tí mo bá gbá a wọlé. Ọwọ́ kan ni. Ọwọ́ méjì ti pọ̀ jù."

"Gbígbá a wọlé yẹn ńkọ́? Ṣé o kọ́ ìyẹn náà?"

"Dígí ò gbà á, Àǹtí."

Àǹtí Winnie bu omi wọ́n ẹ̀wù. "O ṣáà ti gbá ọ̀kan wọlé rí."

"Wọ́n kọ ọ́ sórúkọ Tordoff."

"Ó ní orí òun ló kàn."

"Orí ẹ̀ wà níbi kọ́nà, bọ́ọ̀lù wà lẹ́nu ilé. Àfi tó bá jẹ́ pé ó rán orí náà níṣẹ́."

Brian Tordoff yìí ni agbábọ́ọ̀lù iwájú tí gbogbo ìlú mọ̀, ọkùnrin gìrìwò tó ti ń wọ nọ́ńbà mẹ́sàn-án láti ọdún mẹ́jọ, tí kò sì gbà kí nọ́ńbà mìíràn kan ara òun. Lọ́dún tó kọjá, nílùú kan létí òkun, wọ́n ṣèèṣì fún un ní nọ́ńbà mẹ́wàá. Ó padà lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ó ń jẹ mítì páì títí rẹfirí fi fọn fèrè ìkẹyìn.

"Nọ́ńbà méjìlá tèmi ńkọ́?" Neville bèèrè. "Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?"

"Fọ kí ni? Láti oṣù kẹwàá ni mi ò ti fọ nọ́ńbà méjìlá. Mo kàn ń sá a sáfẹ́fẹ́ ni, kí olú má bàa hù lórí ẹ̀."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò, Àǹtí."

"Ọṣẹ ò ṣeé fi ṣòfò. Má fajú ro. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń dárúkọ ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Èmi?"

"Láti oṣù kẹjọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Ọlọ́run ń wo dífíṣọ̀n kẹrin?"

"Bó bá ń ka ológoṣẹ́, á lè ka ìwọ náà. Góòlù yín ni kò fún un níṣẹ́ kíkà."

Ó tẹ ọwọ́ bọ inú bàsíà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ kan nǹkan tó wà níbẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ti nọ́ńbà mẹ́sàn-án nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti bàjẹ́."

Neville dìde. "Kí ló ṣe é?"

"Omi gbígbóná."

"Ó dà sí i lára?"

"Inú ẹ̀ ló wà. Fún odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú."

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

"Èmi náà ni."

Neville ṣí fìlà. Ó gbìyànjú láti fajú ro bó ṣe yẹ ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan ń gòkè fúnra rẹ̀.

"Ó mà ṣe o. Ṣé wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn?"

"Láti lọ ṣe kí ni? Mo fà á lápá, mo fà á nídìí, mo gbé bíríkì lé e. Kò padà sí bó ṣe wà."

"Ṣé ìyàwó ẹ̀ ti gbọ́?"

"Ìyàwó jẹ́sì?"

Òjò ń rọ̀ lórí páànù. Neville na ọrùn wo inú bàsíà.

"Jẹ́sì lẹ̀ ń sọ," Neville ní.

"Kí lo rò pé mò ń sọ?"

"Jẹ́sì náà ni." Ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Neville. O rò pé mo bọ Brian Tordoff bí ẹyin."

"Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí mo fi rò ó."

"O sì ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé kò ní padà sí bó ṣe wà."

Àǹtí Winnie fa jẹ́sì náà jáde, ó nà án síta. Pupa ni, ọrùn rẹ̀ funfun, nọ́ńbà mẹ́sàn-án sì wà lẹ́yìn níbi tó ti máa ń wà, àmọ́ ó ti kéré débi pé ẹni tó bá rí i á rò pé àbúrò jẹ́sì àná ni.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń fọṣọ látọjọ́ yìí," Neville ní, "irú èyí ṣe bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́?"

"Àgbà ń dé."

"Kò sí òmíràn?"

"Ọ̀kan ṣoṣo la ní fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ó di ọdún tó ń bọ̀ kí alága tó tún ra jẹ́sì."

"Ṣé Tordoff ti rí i?"

"Ó wọ̀ ọ́ wò láàárọ̀ yìí."

"Ó wọ̀ ọ́?"

"Orí wọlé. Apá ọ̀tún wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí iwájú lọ, kò rí ẹ̀yìn padà sí. Ibi tó o dúró sí yẹn náà ló dúró sí, ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí olè na ìbọn sí. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ ti ògiri kí n tó fà á yọ."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó wo ikùn ara ẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, 'Winnie, páì ni. Jọ̀ọ́, má sọ fẹ́nì kankan.' Mo ní, 'Brian, ẹnu mi kọ́ ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.'"

"Àǹtí, ẹnu yín náà ni mo ti ń gbọ́ ọ yìí."

"Ìwọ lo bi mí. Ẹni tó bá bi mí ní nǹkan, òótọ́ ni màá sọ fún un. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn."

"Ẹ ò wá sọ fún un pé omi gbígbóná ló fà á?"

"Kò bi mí."

Neville tún jókòó, ṣùgbọ́n létí apẹ̀rẹ̀ lásán, bí ẹni tó fẹ́ sáré.

"Nọ́ńbà wo ló wá máa wọ̀ lọ́la?"

"Tordoff, kó wọ nọ́ńbà mìíràn? Ó ti lọ bá ọ̀gá. Ó ní ẹ̀yìn ló ń dun òun. Ẹ̀yìn burúkú, pé òun ò lè bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀ títí di oṣù kẹfà. Irọ́ tirẹ̀ nìyẹn o, kì í ṣe tèmi."

"Ta ni ọ̀gá wá fi rọ́pò ẹ̀?"

"Bọ́ súwẹ́tà ẹ."

"Àǹtí, ta ni?"

"Mo ní kó o bọ́ súwẹ́tà."

Ó bọ́ ọ. Ó ki orí bọ jẹ́sì náà bí ẹni tó ń rọra wọ ilé onílé. Orí yọ. Apá ọ̀tún yọ, tòsì náà yọ. Èjìká bá èjìká, ẹnu apá bá ọrùn ọwọ́. Télọ̀ tó fi okùn wọ̀n ọ́n kò lè gé e dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ṣé ó há?"

"Kò há, kò sì fẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Àǹtí Winnie mú ìwé orin lórí férémù fèrèsé, ó ṣí i, ó fa bébà kan yọ nínú rẹ̀, ó fi ìka méjì dì í mú níwájú Neville, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó já bọ́," ó ní. "Bá mi he é."

Neville he é. Ó kà á. Ó yí i padà bóyá ohun mìíràn wà lẹ́yìn, ó tún kà á. Ọ̀gá ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà la orúkọ Tordoff kọjá, ó sì kọ Sugden sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Neville fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Má jẹ́ kí omi ojú kán sí líìsì mi," Àǹtí Winnie ní. "Pẹ́ńsùlù máa ń pa rẹ́."

"Tí mi ò bá wá rí i gbá wọlé ńkọ́, Àǹtí?"

"Wàá lọ máa ká kápẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n wàá ti mú jẹ́sì kan dọ̀tí kó o tó lọ. Ó wù mí kí n fọ tìẹ lẹ́ẹ̀kan."

Ó bọ́ jẹ́sì náà, ó dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun. Àǹtí Winnie gbé e kọ́ sórí ìkọ́ kẹsàn-án. Neville wọ súwẹ́tà, ẹ̀yìn rẹ̀ wà níwájú, kò mọ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró. Jẹ́sì mẹ́wàá tó kù wà lórí ìkọ́ tiwọn, wọ́n fẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń fẹ̀.

"Àǹtí Winnie. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá lẹ jọ máa ń fọ̀ pọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yìí."

"Òun náà ni."

"Omi kan náà."

Àǹtí Winnie ń ká ìbọ̀sẹ̀. "Ọdún mọ́kànlélógún," ó ní, kò gbójú sókè, "ni mo ti ń ki ọwọ́ bọ ìbọ̀sẹ̀ yín. Wọ́n á ká a mọ́ ẹrẹ̀ bí òkúta, wọ́n á sọ ọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ti Tordoff máa ń ní ṣingọ́ọ̀mù nínú. Ìwọ nìkan ni mo rí tó ń yí tiẹ̀ padà sójú rere kó tó jù ú síbẹ̀."

"Màmá mi ló kọ́ mi."

"Ọlọ́run á bù kún un."

"Àmín. Àǹtí, báwo ló ṣe jẹ́ pé nọ́ńbà mẹ́sàn-án nìkan ló súnkì?"

Àǹtí Winnie ká ìbọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó sì gbé e sílẹ̀.

"Ẹ ní ẹni tó bá bi yín, òótọ́ lẹ máa sọ fún un. Mo bi yín."

Àǹtí Winnie ti líìsì bọ inú ìwé orin, ó pa á dé, ó sì fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó wá àyè fún ẹ," ó ní. "Nígbà tó di oṣù kẹrin yìí tí mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan, mo gbé omi kaná."