Ìjà Tó Ń Ṣọ́ Ilé

Orúnkún ló gbé ẹjọ́ dé ààfin lánàá. Ìyá Aránṣọ ò tíì jókòó tó fi ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, kí Kábíyèsí, Olorì, àwọn ìjòyè àti àwa tá a wá wòran lè rí bí orúnkún méjèèjì ṣe bó.

"Kábíyèsí, ẹ wò ó! Ẹnu ọ̀nà ọkùnrin yìí ni mo ti ń kúnlẹ̀ láràárọ̀."

Atúnfóònùṣe ló ń tọ́ka sí. Aládùúgbò rẹ̀ ni, ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín.

"Kí lẹ ń bẹ̀ ẹ́ fún, Ìyá?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kó má baà lu ìyàwó rẹ̀ pa ni! Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, ìjà dé. Ọkọ ń bú, ìyàwó ń dá a padà. Mà á ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀, mà á sáré lọ. 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi ṣe é.' Wọn ò ní dá mi lóhùn! Àgbà bíi tèmi! Wọ́n á máa jà lọ bíi pé ajá ló ń gbó níta. Kábíyèsí, mi ò bèèrè nǹkan ńlá. Kí wọ́n ṣáà sọ pé, 'Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ dìde.' Ó tán."

Kábíyèsí kọjú sí Atúnfóònùṣe. "O gbọ́ ohùn àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà, o ò dáhùn?"

"Kí ẹ pẹ́, Kábíyèsí. A ò sí nílé ni."

Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí ìtẹ́.

"Ta ló wá ń jà?"

"Fóònù ni. Olè pọ̀ ládùúgbò wa, bí wọ́n bá sì ti mọ̀ pé ilé ṣófo, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tí èmi àtìyàwó mi jà, ìjà gidi, mo gbohùn wa sílẹ̀ sórí fóònù. Bí a bá ti ń jáde, mà á so ó mọ́ sípíkà. Olè wo ló máa wọlé bá àwọn tó ń jà? Ọgbọ́n ni! Àwọn ẹni ńlá gan-an ti ń sanwó fún mi kí n gbohùn tiwọn náà sílẹ̀."

Kábíyèsí húkọ́. "Fi àwọn ẹni ńlá sílẹ̀."

Ìyàwó Atúnfóònùṣe fò dìde. "Irọ́ ló ń pa! Ìjà gidi wo? Òun ló ní kí n bú òun dáadáa, pé èébú mi ò lè dẹ́rù ba olè."

"Mo ní kó o bú mi, ṣé mo ní kó o bú ìyá mi ni?"

"Ìwọ lo ní kí n fi kún un!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi ṣe é," Ìyá Aránṣọ ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jókòó," ni Kábíyèsí wí.

Ìjòyè kan na ọrùn. "Olè ò ṣáà wọ ilé ọ̀hún?"

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wá mú Yọ́kẹ́lẹ́ wọlé, olè tó kó wọn lẹ́rù. Tẹlifíṣọ̀n wọn ṣì wà lórí rẹ̀.

"Ìwọ," Kábíyèsí bi í, "ìjà ò bà ọ́ lẹ́rù?"

"Ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé ibì kan náà ni ọkọ ti máa ń sín láràárọ̀. Èébú ò sì yí padà rí. Kábíyèsí, ẹni tínú ń bí gidi á wá èébú tuntun! Mo bá mọ̀ pé kò séèyàn nílé."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Ìyàwó ló fọ̀nà hàn mí. Ó ń pariwo nínú sípíkà pé, 'Ṣebí ìwọ lo ní ká máa fi kọ́kọ́rọ́ sábẹ́ ìkòkò òdòdó!' Gbogbo àdúgbò ló gbọ́."

Atúnfóònùṣe fọwọ́ lérí.

"Ẹ dúró, mi ò tíì parí. Mo bá áyọ́ọ̀nù lórí ṣẹ́ẹ̀tì, iná wà nínú ẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì ti ń rú èéfín. Èmi ni mo yọ ọ́. Ká ní mi ò wá jalè ni, ilé ì bá ti jó, á sì ran tìyá yìí. Ẹnì kan ò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!"

"O ṣeun, ọmọ mi," ló bọ́ lẹ́nu Ìyá Aránṣọ.

Kábíyèsí nàró.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Yọ́kẹ́lẹ́, gbé tẹlifíṣọ̀n padà. Láti òní lọ, bí àwọn wọ̀nyí bá ti ń jáde, ìwọ ni wàá yẹ ilé wò fún wọn: áyọ́ọ̀nù, iná ìdáná, fèrèsé. Ìwọ nìkan lo rójú wo ilé náà dáadáa. Okùn á wà níbàdí rẹ, Ìyá Aránṣọ á di ìkángun okùn náà mú, kọ́kọ́rọ́ á sì máa wà lọ́wọ́ Ìyá. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ pa ìjà yẹn rẹ́. Ẹ gba 'Ìyá, ẹ ṣeun, ẹ dìde' sílẹ̀ sórí fóònù, kẹ́ ẹ máa fi sípíkà gbé e jáde sí Ìyá lójú fèrèsé láràárọ̀. Lórí ìkúnlẹ̀ lẹ máa wà títí á fi parí."

A ṣì ń pàtẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí ohùn Kábíyèsí bú jáde láti yàrá ẹ̀yìn:

"Olorì! Ta ló tún gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí sẹ́yìn díńgí?"

A wo yàrá. A wo Kábíyèsí. Ó wà níwájú wa, ẹnu rẹ̀ pa dé. Olorì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo èékánná.

Yọ́kẹ́lẹ́ rọra na etí.

Kí ẹnikẹ́ni tó mira, Ìyá Aránṣọ ti ká ìró, ó ti sáré dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó ti kúnlẹ̀ gbì. "Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ fi tèmi ṣe é!"

Kábíyèsí padà jókòó sórí ìtẹ́, ó fọwọ́ bojú.

"Ìyá," ló wí jẹ́ẹ́, "ẹ ṣeun, ẹ dìde."