Ẹ̀rọ Tó Ń Kí Ẹnjiníà Bwengye

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni àwọn ìlà yìí ń bá sọ̀rọ̀?"

Ọmọ ilé ìwé ni Komuhangi nígbà tó bi Ẹnjiníà Bwengye ní ìbéèrè yìí. Olùkọ́ ló kó wọn wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Mbarara, nílẹ̀ Ankole, kí wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣọ́ àwọn táńkì tó ń mú wàrà àwọn darandaran tutù. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ sí táńkì, kọ̀ǹpútà á kọ ìlà kan nípa rẹ̀. Inú irú táńkì bẹ́ẹ̀ ni wàrà màlúù ìyá Komuhangi ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tí kì í lanu ní kíláàsì fi nawọ́ sókè.

Bwengye wò ó láti orí dé bàtà. "Jókòó, ọmọ. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n kọ́ lèyí." Ó kọjú sí dígí fèrèsé, ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Ẹ má bínú sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ni Bwengye fẹ́ràn láyé, kò sì sí dígí tó rí tí kò dúró kí ẹni náà. Bwengye, a-rìn-dúró-de-àtẹ́wọ́! Bwengye, ọ̀mọ̀wé tó fi ìwé ẹ̀rí ṣe kọ́tìnì! Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gun òkè kó má gbàgbé àkàbà. Bwengye gun òkè tán, ó fi àkàbà dáná yá.

Ọdún gorí ọdún. Komuhangi jáde yunifásítì, ó di òṣìṣẹ́ lábẹ́ Bwengye, ohùn rẹ̀ kò sì ga sí i. Lọ́jọ́ kan, wọ́n pe ìpàdé láti yan bí ìlà náà yóò ṣe máa rí nínú ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fẹ́ pín fún gbogbo ẹgbẹ́ darandaran. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ti ọ́fíìsì jáde, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí. Kò sí darandaran tí yóò fi màlúù sílẹ̀ wá yí i padà.

"Àkókò, orúkọ táńkì, ohun tó ṣẹlẹ̀," ni Katureebe wí, ẹni tí òun àti Komuhangi jọ ń ṣiṣẹ́. "Ó parí."

"Ó parí kẹ̀?" Bwengye rẹ́rìn-ín. "Katureebe, ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń wọlé àgbà? Ẹ káàárọ̀ ò sí, ara ńkọ́ ò sí, o kàn já wọlé pé táńkì gbóná?"

"Ọ̀gá, tí ilé bá ń jó, ta ló ń béèrè àlàáfíà ìyàwó?"

"Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé ni!" Bwengye yọ ìwé tó kọ ìlà tirẹ̀ sí jáde, ó fi ohùn bíṣọ́ọ̀bù kà á: "Lábẹ́ àṣẹ Ẹnjiníà Dókítà Bwengye, Akọ Màlúù Oníwo Gígùn, Kìnnìún Ìmọ̀ Ẹ̀rọ, Baba Wàrà, ni a fi ń jábọ̀ pé..."

"Pé kí ni, sà?" Komuhangi béèrè.

"Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀. Ìyẹn á wà lẹ́yìn."

"Ojú ẹ̀rọ ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yìn yẹn ò ní hàn."

"Orúkọ mi ń hàn àbí kò hàn?"

"Ó ń hàn, sà."

"Kí lo tún wá ń wá?"

Ìpàdé túká.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀rọ náà, àwọn darandaran ti kún gbọ̀ngàn láti àárọ̀. Ìyá Komuhangi wà níwájú. Wàrà tí òun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ fún wà nínú táńkì ẹ̀yìn gbọ̀ngàn: àlejò á mu díẹ̀, ọkọ̀ á gbé ìyókù lọ sí Kampala. Bwengye ò tètè dé. Ẹni ńlá kì í bá oòrùn du àárọ̀. Ọ̀sán gangan ló wọlé, ó sì bá orúkọ ara rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ìlà lábẹ́ ìlà, tó ń tú jáde bí òjò.

"Ẹ wò ó!" ló kígbe. "Ẹ̀rọ yìí ò lè pa ẹnu mọ́ nípa mi! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Komuhangi rìn sún mọ́ ọn. "Sà, àwọn ìlà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká lọ wo táńkì."

"Jókòó! Ìlara ò dáa."

Wọ́n bu wàrà wá nínú ife onígi. Bàbá Rutaro, olórí àwọn darandaran, nawọ́ sí i, ṣùgbọ́n Bwengye ti já a gbà.

"Ẹ ní sùúrù, bàbá. Baba Wàrà ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò!" Ó da ife délẹ̀ sẹ́nu.

Ojú rẹ̀ yí padà. Wàrà ti bàjẹ́, ó ti dì kókó bí ògì àná. Ṣùgbọ́n ta ló máa tu wàrà sílẹ̀ níṣojú darandaran Ankole? Èèwọ̀ ni; ó sàn kó tu eyín rẹ̀. Bwengye dúró gbagidi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì wú bí ti ọ̀pọ̀lọ́, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ìyá Komuhangi gbé ife tirẹ̀ sí imú. "Yéè! Wàrà wa!"

Katureebe sáré sídìí kọ̀ǹpútà, ó sọ lẹ́tà di wínníwínní, àwọn ìlà náà sì hàn délẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo gbọ̀ngàn jọ kà á: Baba Wàrà, ni a fi ń jábọ̀ pé táńkì ń gbóná, ẹ tètè wá. Baba Wàrà, ni a fi ń jábọ̀ pé táńkì ń gbóná, ẹ tètè wá. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ìdájí.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ló bá di ariwo.

"Akọ Màlúù, gbé e mì!"

"Kìnnìún, ká fi ṣúgà sí i?"

Bàbá Rutaro ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín ń ké láti àárọ̀, ẹ sì ní ká máa pàtẹ́wọ́. Kí ló dé tẹ́ ò dá a lóhùn?"

Bwengye di ojú, ó gbé wàrà náà mì. Gbogbo ènìyàn gbọ́ bó ṣe ń lọ. Nígbà tó lajú, kò wo bàbá. Komuhangi ló ń wò, tó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú níwájú.

"Èmi ló ń pè," ló wí. "Mo rò pé ó ń kí mi ni."