Ẹjọ́ Ẹni Tó Ń Kọ́ Gìtá Láàárọ̀, Tó Ń Fi Kọ́ni Lọ́sàn-án

Lánàá ni ẹjọ́ kan já lu ààfin Ratu Nemani, olórí abúlé wa, kò sì jẹ́ kí èmi agbẹnusọ rẹ̀ mu igbá àkọ́kọ́ yangona mi tán, omi gbòǹgbò igi tí a máa ń mu. Waisake olùkọ́ gìtá ló pe Ropate, àbúrò rẹ̀ nínú ẹbí, lẹ́jọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó sórí ẹní, a pàtẹ́wọ́ mẹ́ta, Ratu sì ní kí olùpẹjọ́ sọ̀rọ̀.

"Ratu, Ropate ti kó gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ mi lọ. Mọ́kànlá ni wọ́n! Ilé mi dá wáí bíi ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Mọ́ńdè."

"Ó jí wọn gbé ni?"

"Ó ń kọ́ wọn ni! Láàárọ̀ á wá sọ́dọ̀ mi, màá kọ́ ọ ní kọ́ọ̀dù kan, bí ìka ṣe ń tẹ okùn pọ̀. Tó bá di ọ̀sán, á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀, á máa fi kọ́ọ̀dù yẹn náà kọ́ àwọn ará abúlé. Ẹ̀kọ́ kan péré ló fi jù wọ́n lọ!"

Ropate dìde. Ọmọ ogójì ọdún ni, ó gbé gìtá rẹ̀ dání, ó so táì mọ́ ọrùn wá, bí ẹni pé táì ló máa bá a rojọ́.

"Òótọ́ ni, Ratu, àmọ́ kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo bá Ẹ̀gbọ́n Waisake, mo ní, 'Kerekere, orin tó wà lọ́wọ́ yín.' Gbogbo wa la mọ̀ pé tí ìbátan ẹni bá ti lè sọ pé kerekere, ẹnu ẹni ò gbọdọ̀ sọ pé rárá. Ẹ̀gbọ́n fún mi. Ìgbà tó di tèmi tán, Ìyá Akanisi náà ní kerekere. Ṣé kí n lé ìyá arúgbó ni? Ṣé kí n ba àṣà jẹ́ nítorí okùn mẹ́fà?"

Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ mi orí. "Kò kúkú parọ́."

"Kò parọ́ báwo?" Waisake ti fò dìde. "Ẹní ni mo fún un ni, àbí ẹja? Kọ́ọ̀dù tó o gbà láàárọ̀, Ropate, ṣé ó ti jiná kó o tó bù ú fún èèyàn lọ́sàn-án?"

"Gbígbóná ni mo ń bù ú fún wọn, Ẹ̀gbọ́n. Tiyín ló ti tutù sínú ìkòkò láti ọgbọ̀n ọdún."

Mo rẹ́rìn-ín. Agbẹnusọ Ratu ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín nínú ẹjọ́, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín. Ratu ní kí n pe ẹlẹ́rìí, mo sì yáa pe Ìyá Akanisi, opó tó ń gbé lẹ́bàá odò.

"Ìyá, ta ló mọ̀ ọ́n kọ́ jù nínú àwọn méjèèjì?"

"Ropate ni, Ratu. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jìn sí kòtò ló mọ ibi tí kòtò wà. Kì í sì í bínú sí mi rárá."

"Orin mélòó lẹ ti mọ̀?"

"Ogún!"

"Ẹ ta ọ̀kan ká gbọ́."

Ìyá gba gìtá Ropate, ó ta á.

"Ẹ ta òmíràn."

Ìyá tún ta á.

"Ìyá, ìkan náà nìyẹn."

"Ó tì o! Ti àkọ́kọ́ yẹn, orin ìgbéyàwó ni. Èyí, orin òkú ni."

"Kí wá ni ìyàtọ̀ wọn?"

"Ojú mi ni. Tó bá jẹ́ ti òkú, mo máa ń fajú ro."

Sakiusa apẹja ni ẹlẹ́rìí kejì. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí a bi í léèrè.

"Ta ló ní Ropate kì í bínú? Ó fi ìwé orin gbá mi lórí! Tí mo bá bi í pé kí ló dé tí ìka yìí fi máa ń wà níbí, á ní kí n dúró dọ̀la, kí òun lọ béèrè."

"Ìyá Akanisi ní kì í bínú."

"Ìyá ló ń se kókò fún un, Ratu. Èmi ò lè sè."

"Kọ́ọ̀dù mélòó ló ti kọ́ yín?"

"Mẹ́ta. Láti oṣù méjì. Ẹ̀kẹrin ò dé."

"Kì í ṣe ẹ̀bi mi!" ni Ropate pariwo. "Ẹ̀gbọ́n ló dáwọ́ dúró, wọn ò kọ́ mi mọ́!"

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Gbogbo abúlé wa há sórí kọ́ọ̀dù mẹ́ta. Ní Sọ́ńdè tó kọjá, orin mọ́kànlá la kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run gbọ́.

Ratu kọjú sí olùpẹjọ́. "Waisake, kí lo fẹ́ gan-an? Ẹlẹ́dẹ̀ ìtanràn?"

"Mi ò fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, Ratu. Mo fẹ́ kí wọ́n padà wá. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà ní Suva, olú ìlú. Ìró ìka àwọn tó ń ṣi okùn tẹ̀ ló ń jẹ́ kí n mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, mi ò ní purọ́. Ratu gba gìtá Ropate, ó yí gbogbo etí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ń fa okùn le títí okùn fi dẹ̀, ó wá dá a padà fún un.

"Ó yá, ta á."

Ropate fọwọ́ kàn án. Ó dún bíi páànù tó já láti orí òrùlé. "Ratu, ẹ ti bà á jẹ́!"

"Tún un ṣe."

"Ẹ̀gbọ́n ló máa ń bá mi tún un ṣe kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀."

"Mo ní kó o tún un ṣe."

Ropate yí síwá, ó yí sẹ́yìn, òógùn bo táì. Okùn kan já, pàá, ó ta bọ́ sínú yangona mi. Waisake gba gìtá náà, ó dijú, ó dẹtí sí i. Kò pẹ́ rárá tí okùn márùn-ún tó kù fi gbọ́ ara wọn yé, ó sì ta orin kan tó mú kí Ìyá Akanisi fajú ro tọkàntọkàn.

"Ọdún méjì ni bàbá tó kọ́ mi fi ní kí n máa gbọ́ nìkan," ni ó wí. "Etí ló ń kọ́ṣẹ́, ìka kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí etí bá rán an ni."

Ratu kọjú sí Ropate. "Ropate, kerekere, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ mọ́kànlá."

"Ẹ gbà wọ́n, Ratu."

"Kerekere, igi máńgòrò rẹ."

"Igi kẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ ba àṣà jẹ́ ni?"

"Ẹ gbà á."

"Kerekere, etí rẹ méjèèjì, fún ọdún méjì."

Ropate fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Orí rẹ náà ni wọ́n máa wà, má bẹ̀rù. Waisake ni mo fi wọ́n ta lọ́rẹ, àti igi àti àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ yẹn. Láràárọ̀, kó o ru gbogbo gìtá abúlé yìí lọ sílé rẹ̀, kó o jókòó, kó o máa gbọ́ bó ṣe ń tún wọn ṣe. O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn. O ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Títí dé ibi okùn, Ropate fara dà á. Ibi ọ̀rọ̀ sísọ ló ti bú sẹ́kún.

"Gìtá mẹ́tàlá ni kó o máa rù," ni Ratu wí.

"Méjìlá ni, Ratu," ni Waisake wí. "Ti àwọn mọ́kànlá, àti ti Ropate."

Ratu wo ilẹ̀. Ó rọra sọ sí mi létí pé kí n wọ yàrá, kí n wo ẹ̀yìn àpótí. Mo bá gìtá kan níbẹ̀, wọ́n fi ẹní wé e. Ìgbà tí mo gbé e jáde, Ropate ṣì ń fi táì nu imú.

"Ẹ̀yin náà, Ratu? Lábẹ́ igi máńgòrò?" ni Waisake kígbe.

"Mẹ́ta péré ni mo mọ̀," ni Ratu wí. "Waisake, jọ̀ọ́, bẹ̀rẹ̀ tèmi láti ẹ̀kẹrin."

"Rárá o," ni olùkọ́ wí, ayọ̀ sì hàn lójú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì. "Ẹ wá lọ́la. Ẹ̀gbẹ́ Ropate ni kẹ́ ẹ jókòó sí."