Ẹni Tí Kò Gbọ́ Èsì Kì í Bèèrè Baálé

Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ibi tí òwe tí ẹ ń fi ẹnu pa lásán yìí ti wá, pé ẹni tí kò gbọ́ èsì kì í bèèrè baálé? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jókòó. Ó ṣojú mi kòró, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Láoyè télọ̀ ló fà á, ọmọlúàbí tí kì í kí èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó rẹ̀, Mosúnmọ́lá, ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Jámánì. Wọ́n ní kí Láoyè tó lè rí físà lọ bá a, àfi kó yege ìdánwò èdè Jámánì. Èmi náà fẹ́ lọ, la bá jọ forúkọ sílẹ̀ n'Íbàdàn.

Orí ìbéèrè ni tíṣà wa ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní "wo" ni "níbo", "wann" ni "ìgbà wo". Wọ́n ní, "Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ 'ó ń bọ̀' di ìbéèrè, ẹ gbé 'ń bọ̀' síwájú, kí 'ó' máa tẹ̀ lé e."

Inú Láoyè dùn ṣìnkìn. "Ṣé ìbéèrè kọ́ ni ìkíni ni? Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, baálé ńkọ́? Àwọn ará Jámánì yìí jọ wá o!"

Ó mọ ìbéèrè ju tíṣà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tá a dé orí ìdáhùn, aṣọ ọdún ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò wá mọ́. Mo ní, "Bùọ̀dá Láoyè, èsì ńkọ́?" Ó ní ẹni tó bá bèèrè dáadáa, wọ́n á dá a lóhùn dáadáa. Èsì kan ṣoṣo tó mọ̀ ni "sehr gut", ó dára gan-an, tí tíṣà máa ń sọ fún wa tá a bá gbà á.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Màmá òyìnbó kan tórí wọn ti funfun, tó fẹ́ dán wa wò, jókòó síwájú wa, wọ́n na káàdì tí wọ́n ya bọ́ọ̀sì sí fún Láoyè. Kó ṣáà bèèrè ìgbà tí bọ́ọ̀sì ń bọ̀, ó parí! Àmọ́ ta ló ń bèèrè bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ àgbàlagbà láì kí wọn? Láoyè dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó bèèrè ilé. Màmá rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè ọmọ. Màmá dáhùn. "Sehr gut," ni Láoyè wí. Ó wá ku baálé.

"Wo ist Ihr Mann?" Baálé yín dà?

Ojú màmá yí padà. Wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n nàka sókè. Èmi gbọ́ ọ: ọkọ wọn ti kú, kò tíì pẹ́ tí wọ́n sin ín.

Láoyè yọ eyín. "Sehr gut! Sehr gut!"

Yéè! Mo fẹsẹ̀ gbá a lábẹ́ tábìlì. Ṣe ló rò pé bàbá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó tún bi wọ́n, "Kommt er heute?" Ṣé wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lónìí, kóun lè kí àwọn náà?

Màmá bú sẹ́kún. Bí Láoyè ṣe rí omijé àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti bẹ̀bẹ̀, ó forí sọ ẹsẹ̀ tábìlì. Àwọn èèyàn rò pé ó dákú ni, wọ́n gbé e jáde. Ó ń pariwo ìbéèrè lọ lọ́wọ́ wọn: "Wo? Wo?" Kò sẹ́ni tó rántí bọ́ọ̀sì mọ́. Ó fìdí rẹmi.

Mosúnmọ́lá pè nírọ̀lẹ́, a jọ ń gbọ́ ọ lórí fóònù Láoyè. Ó ti ra bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì sílẹ̀ dè é, ó ṣe mí láàánú. Láoyè rojọ́ tán. Ni ìyàwó bá fi èdè Jámánì tó ti mọ́ ọn lẹ́nu sọ ọ́ pẹ̀lú omijé, pé ó ti rẹ òun, òun ò lè máa dá gbé mọ́.

Láoyè wò mí. Kí n tó lanu, ó ti dá a lóhùn.

"Sehr gut."

Fóònù kú. Ẹ wá sọ fún mi, ẹni tí kò gbọ́ èsì, ṣé ó yẹ kó máa bèèrè baálé?