Ọtí Tó Lọ Sùn Nílé Onílé

Kọ́ńkọ́! Kọ́ńkọ́! Kọ́ńkọ́!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Àgbòrò, ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń sùn, kó jí. Ẹni tó ti jí, kó má sá. Òjélàdé akéde yín ló dúró níwájú yín yìí. Olóyè Lísà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fetí sí i bóyá yóò fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ọba. Kò ní fi kún un o. Lísà, ẹ ti rí i pé kò fi kún un.

Alágbòrò ní ká kí yín. A kí yín.

Ọ̀rọ̀ rèé. Gbogbo yín lẹ mọ Adégbìtẹ́, ọmọ àdúgbò wa tó wà ní Sikọ́tíláàndì. Ó fi ìgò wisikí kan ránṣẹ́ sí Kábíyèsí. Wisikí gidi ni! Ọkà bálì nìkan ni wọ́n fi pọn ọ́n, wọn ò lú u mọ́ nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ sùn nínú àgbá onígi fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tó dàgbà tán, wọ́n jí i, wọ́n ní kó dìde, kó lọ sùn nínú àgbá mìíràn, èyí tí ọtí àjàrà kan tí wọ́n ń pè ní ṣẹ́rì ti gbé rí. Onílé ti kó jáde, òórùn rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ìgbà tí wisikí máa jáde níbẹ̀, ó ti pọ́n, ó ti ń ta sánsán.

Kábíyèsí tọ́ ọ wò. Wọ́n dijú. Wọ́n ní ahọ́n àwọn kan oyin, ó kan èso gbígbẹ, èéfín díẹ̀ sì kọjá lókèèrè. Balógun tọ́ ọ wò, wọ́n ní awọ bàtà tuntun ni ahọ́n àwọn kàn. Ìyálóde tọ́ ọ wò, wọ́n ní kí wọ́n tún bu sí i, ahọ́n àwọn ò tíì kan nǹkan kan. Wọ́n tún bu sí i. Ìyálóde ní kò tíì kàn án. Wọ́n tún bu sí i.

Ìgò gbẹ o! Akéde tún un sọ, ìgò gbẹ!

Kábíyèsí wá ronú. Wọ́n ní ṣebí àwọn adẹ́mu wa náà kì í fọ akèrègbè tán. Ṣebí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná ni wọ́n ń fi sílẹ̀ kí ẹmu òní lè le. Ohun tí òyìnbó ṣe ò jù bẹ́ẹ̀ lọ! Gbogbo ìjòyè pariwo pé Kábíyèsí o! Kò sẹ́ni tó ní ká rò ó wò. Akéde yín wà nídìí òpó, òun náà bá wọn pariwo. Ta ni yóò sọ ọ́?

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ!

Èkínní! Gbogbo ilé tó bá ní ògógóró gbọ́dọ̀ gbé e kúrò níbi tó wà, kó lọ sùn nínú ohun tí nǹkan mìíràn ti gbé rí. Kó sùn dáadáa!

Èkejì! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ ohun náà. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́, a ó fọ òun náà ní gbangba, pẹ̀lú kànìnkànìn. Pẹ̀lú kànìnkànìn o!

Ẹ̀kẹta! Ariwo ò gbọdọ̀ sí nítòsí ọtí tó ń sùn. Àkùkọ tó bá kọ létí rẹ̀ di ti ààfin. Ọkọ tó bá hanrun létí rẹ̀ di ará ilé ewúrẹ́.

Ẹ̀kẹrin! Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù gbé tirẹ̀ wá síwájú ààfin fún ìdájọ́. A ó wo àwọ̀ rẹ̀ nínú oòrùn. A ó gbóòórùn rẹ̀, ihò imú ọ̀tún ni yóò ṣáájú. A ó fi yí ẹnu ká, a ó sì gbé e mì. Kò gbọdọ̀ sí títutọ́! Ẹni tó bá tu ú dànù ni yóò mu ìyókù.

Ẹ̀karùn-ún... Ẹ jọ̀wọ́. Ẹ jẹ́ kí akéde mí.

Ẹ̀karùn-ún! Ẹnu tó kéde ọtí ni yóò tọ́ ọ wò. Ti gbogbo ilé. Wọ́n ní bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ mu ún, kó lè hàn pé kò sí májèlé níbẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín! Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn? Ìyá Ṣíjúwọlá, akéde rí yín o. Òfófó ti ṣáájú agogo dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ ti da ọtí yín sínú ìkòkò irú! Bàbá Lákáyé da tiwọn sínú kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì, wọ́n ní ṣebí èéfín lọba ń fẹ́. Àwọn aláró da tiwọn sínú ìkòkò aró! Tí ahọ́n akéde bá di aró, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́? Ó níyàwó o. Ó bímọ. Ikùn kan ṣoṣo ló ní.

Kì í ṣe ẹjọ́ ló ń rò o, Lísà! Ó ń ṣàlàyé àṣẹ ni.

Ẹ dúró ná. Lísà ní àwọn fẹ́ tọ̀. Ẹ yà fún àgbà, kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn ògiri. Ṣé wọ́n ti bọ́ síbẹ̀? Ẹ bá akéde wò wọ́n. Wọ́n ti bọ́ síbẹ̀?

Ó dáa. Ẹ sún mọ́bí. Kíákíá!

Ẹ̀kẹfà! Ẹ̀karùn-ún ti di òfo! Kábíyèsí ní... Kábíyèsí ní àwọn fẹ́ràn yín ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn fúnra àwọn ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ti gbogbo ilé wò! Ti ìkòkò irú ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀! Lísà ni yóò tẹ̀ lé wọn! Ẹ sì mọ òfin ìlú yìí: ohun tí agogo bá ti ké sétí ìlú, ọba pàápàá ò lè kó o padà. Ẹ hó yèè! Ẹ hó o kó dé ààfin!

Á à, Lísà dé. Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ìlú ń yin Kábíyèsí ni. Kí lẹ wí? Kí wọ́n ṣe é gẹ́gẹ́ bí akéde ṣe kéde rẹ̀? Láìyọ ọ̀kan? Lísà ní láìyọ ọ̀kan! Ará Àgbòrò, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn!

Agogo ló ké, akéde ò ké. Ọba ló lọ̀rọ̀, ẹnu ni Òjélàdé yá a. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gba ààfin lọ. Kó má wá ilé Òjélàdé. Òjélàdé ò sí nílé. Láti ìsinsìnyí lọ, kò sí nílé.

Kọ́ńkọ́!