Sọ́ọ̀sì Àmẹ́ríkà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Bí ìgbéraga bá ń sanni lára bí ẹran, Olúwaṣògo ì bá tóbi ju ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ìhà sísun ló ń tà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì fún ara rẹ̀ ní oríkì: "Ṣògo, asunhà-bí-òyìnbó, ọmọ Àmẹ́ríkà!" Àmẹ́ríkà ọ̀hún, kò débẹ̀ rí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìrìn àjò rẹ̀ pin sí, ó sì bì sínú ọkọ̀ kó tó dé ibẹ̀.

Sọ́ọ̀sì pupa kan tó fi ń pa ìhà lára ló ń mú un gbéra ga. Inú ìgò ló ń rọ ọ́ sí, á sì lẹ àsíá Àmẹ́ríkà mọ́ ọn. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun ní sísè rẹ̀, á yínmú.

"Ohun tó wọ bàlúù wá! Ẹni tó bá jẹ ìhà láìsí sọ́ọ̀sì mi, eyín lásán ló ń fi egungun pọ́n."

Nígbà tí Iléyá dé, Àlhájà Mùínàt, tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà Akẹ̀sán, gbé ìhà àgbò fún un kó sun ún fún àlejò. Ó ní bó bá dùn, Ṣògo ni yóò máa sun ẹran gbogbo ìnáwó ẹbí àwọn. Ṣògo ò sùn mọ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn àlejò jókòó jẹ ẹ́, ó dùn lóòótọ́. Áfà Nùrẹ́nì ń lá ìka. Màmá Comfort, ará ilé kejì, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ti ń fọ́ egungun.

"Ṣògo, kí lo fi sí i?" ni Áfà bi í.

Ẹnu tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, ajá ní í jẹ ẹran olúwa rẹ̀. Ṣògo na àyà.

"Àṣírí òyìnbó ni, Áfà. Wísíkì! Ògidì wísíkì Àmẹ́ríkà!"

Egungun bọ́ lọ́wọ́ Áfà.

"Àsìtágàfúrúlàì! Ọtí? Lọ́dún Iléyá?"

"Ọlọ́run mi o!" Màmá Comfort tutọ́ sílẹ̀. "Èmi tí mo fẹ́ wọ sùtánà lọ́la!"

Àlhájà dìde. "Ṣògo, o fún Áfà lọ́tí jẹ nínú ilé mi?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àlhájà, kò sọ́tí ńbẹ̀! Irọ́ ni mo pa."

"Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ìsinsìnyí lo ń pa á? Lọ gbé ẹrù ẹ wá. Ojú wa báyìí lo ti máa sè é."

Ṣògo gbé ìkòkò kaná. Áfà jókòó tì í.

"Kí nìyẹn?"

"Tòmátì alágolo, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Fínígà díẹ̀, kó lè kan. Oyin. Àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ tí mo lọ̀."

"Kí ló wà lẹ́yìn ẹ tó ò ń fi pamọ́?"

Àlhájà já ọ̀rá náà gbà. Òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ jáde.

"Irú! Irú Akẹ̀sán!"

"Òun ni, mà," ni ọmọ Àmẹ́ríkà dáhùn, ohùn rẹ̀ bíi ti ẹ̀fọn.

Ìkòkò hó díẹ̀, sọ́ọ̀sì ki. Áfà tọ́ ọ wò, ó bú sẹ́rìn-ín, ó mú egungun rẹ̀.

"Kò sọ́tí. Bísímílàì."

Màmá Comfort ń wo ìkòkò tìyanutìyanu. "Gbogbo ẹ̀ náà nìyí? Tá a ti ń rà á bí oògùn?" Ó gba ọmọrogùn lọ́wọ́ Ṣògo. "Kúrò ńbẹ̀, jẹ́ n rò ó dáadáa."

Kí wọ́n tó pe ìrun ìrọ̀lẹ́, gbogbo àgbàlá Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń ta sánsán oyin àti irú. Àwọn ọmọdé sì ti tún oríkì ṣe: "Ṣògo, ẹni tó wọ bàlúù ní Akẹ̀sán!"

Ó rọra sún mọ́ Àlhájà. "Ìnáwó tẹ́ ẹ sọ ńkọ́, mà?"

"Mo ṣì ń retí ẹ," ni Àlhájà wí, ó ń lá ìka. "Àmọ́ àlejò lo máa jẹ́, àwa fúnra wa la ó máa sun ẹran."