Ta Ló Ní Kí Màmá Akunère Máa Dán?

Inú páálí bàtà ni wọ́n gbé ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá sí. Akunère ló gbé e wá. Láti ìgbà tí bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti ń fi amọ̀ mọ ère kéékèèké tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, tó sì ń kùn wọ́n lọ́dà. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ó gbé páálí náà sílẹ̀ níwájú Olóyè bí ẹni gbé ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde.

"Olóyè, kí ẹ̀mí yín gùn. Èèyàn mẹ́tàlélógójì ló wà nínú páálí yìí. Àbúrò ìyàwó mi ti fi fáníìṣì ba gbogbo wọn jẹ́."

Àgbà ìgbìmọ̀ kan tí etí rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́ jí lójú oorun.

"Èèyàn mélòó?"

"Mẹ́tàlélógójì, Bàbá."

"Nínú páálí bàtà? Ṣé wọ́n ṣì ń mí?"

"Ère ni, Bàbá!" Olóyè pariwo sí i létí. "Ère!"

"Ẹrẹ̀? Ta ló kó ẹrẹ̀ wọ ààfin?"

Wọ́n fi bàbá sílẹ̀, wọ́n ní kí Akunère máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

"Olóyè, àdúgbò tí wọ́n bí mi sí nìyí. Wọ́n ti wó o, títì ti gba ibẹ̀ kọjá. Mo wá ní kí n mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kí n tó gbàgbé ojú wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko! Aránṣọ nìyí, tíṣà nìyí, ọlọ́pàá tó máa ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ nìyí. Màmá mi nìyí lórí àpótí níwájú ilé. Ó ku kí n fi fáníìṣì bò wọ́n, kí ọ̀dà ara wọn má baà máa ṣí. Mo ní èyí tí kì í dán ni mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́. Àna mi ní iṣẹ́ òun ni, kí n kó wọn fún òun. Ìgbà tí mo ṣí páálí, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Aránṣọ ń làágùn. Tíṣà ń làágùn. Olóyè, ọlọ́pàá tó ń sùn gan-an ń làágùn!"

Olóyè gba dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó tẹ̀ ba páálí náà, ó wò ó títí.

"Lóòótọ́ ni," ó ní. "Ó dà bíi pé nǹkan kan lé wọn dé ibí. Olùjẹ́jọ́ dà?"

Ọkùnrin apárí kan dìde lórí bẹ́ǹṣì. Oníṣẹ́ tábìlì àti àga ni, Dán-bí-Dígí ni wọ́n ń pè é.

"Olóyè, mi ò jẹ̀bi. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí nǹkan tó kúrò lọ́wọ́ mi rí tí kò dán. Àní pósí! Pósí kan wà tí mo ṣe, ara rẹ̀ ni àwọn ẹbí òkú ń wò bíi dígí láti fi wé gèlè."

"Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé kó má dán, àbí wọn ò sọ?"

"Wọ́n sọ, Olóyè. Mo rò pé àárẹ̀ ló mú Bùọ̀dá ni. Fáníìṣì tí kì í dán! Ṣé ẹ ti rán èèyàn ní iyọ̀ tí kò dùn rí? Mo tún ṣí agolo tí wọ́n rà, mo rí i pé ó ti funfun bí omi ọṣẹ, nǹkan kan sì sùn sí ìdí rẹ̀. Mo ní ó ti bàjẹ́. Mo dà á nù, mo fi tèmi sí i. Mi ò gba kọ́bọ̀."

"Ó dà á nù!" Akunère di orí mú. "Olóyè, ó dà á nù!"

Wọ́n pe Ìyá Ọlọ́dà tó ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà.

"Kò bàjẹ́ rárá, Olóyè. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nǹkan tó sùn sí ìdí agolo yẹn ni kì í jẹ́ kó dán, wọ́n á kàn rò ó pọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, Akunère náà ti dẹ́ṣẹ̀. Èyí tí wọ́n ń fín ló kọ́kọ́ rà lọ́dọ̀ mi. Mo ní kó má fín in lásìkò òjò. Ó fín in. Tíṣà funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀."

"Ìyẹn kọ́ la bá wá síbí!" Akunère ní. "Mo ti tún tíṣà kùn. Olóyè, ẹ wo ojú màmá mi. Màmá mi ò dán bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn!"

Ìyàwó rẹ̀ ti dìde kí wọ́n tó pè é.

"Wọ́n dán, Olóyè. Ọkọ mi ni mo fẹ́, òun sì ni àbúrò mi ṣẹ̀, ṣùgbọ́n màmá yẹn dán. Àràárọ̀ ni wọ́n ń fi òróró pa ojú. Èmi ni mo ń bá wọn ṣí ìgò rẹ̀."

"Pọ́dà ni!" Ìyá Ọlọ́dà fò dìde. "Ilé kẹta sí tiwọn ni mo dàgbà sí. Wọ́n á lẹ pọ́dà títí dé ọrùn."

"Pọ́dà ọjọ́ Sọ́ńdè nìyẹn!"

"Mo ní pọ́dà!"

"Òróró ni mo sọ!"

Akunère mú ère màmá rẹ̀ sọ́wọ́, ó gbé e lọ sójú fèrèsé. Ó ti ń wá ojú yẹn fún ọdún mẹ́ta, ìwájú orí ló máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Oòrùn bọ́ sí ojú amọ̀ náà, ó tàn yẹ́ẹ́. Ó rí i bí wọ́n ṣe máa ń gbójú sókè láàárọ̀ láti pè é padà pé ó gbàgbé oúnjẹ rẹ̀. Ó rọra gbé ère náà padà sínú páálí.

"Ìyá Ọlọ́dà," Olóyè ní, "ṣé èyí tí kì í dán lè lọ sórí èyí tó dán?"

"Ohun tó dáa jù nìyẹn, Olóyè. Èyí tó dán ló lágbára jù, èkejì á wá pa dídán rẹ̀."

"Ọkùnrin yìí ti fi ọdún méjìdínlógún mọ ìdajì iṣẹ́," Olóyè ní. Ó tún ìjókòó ṣe. "Ìdájọ́ nìyí. Dán-bí-Dígí, orí tábìlì àna ẹ ni wàá ti fi búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù kun gbogbo wọn ní èyí tí kì í dán. Títí tí ẹni tó kẹ́yìn á fi gbẹ, wàá máa lẹ pọ́dà sí apárí ẹ yẹn tó o bá ti ń jáde, kó o lè mọ bó ṣe ń rí kí wọ́n fi ohun tí èèyàn ò béèrè kùn ún. Akunère, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ sọ fún un pé kó má dán, ẹ ò sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé ta ni wọ́n. Kí búrọ́ọ̀ṣì tó kan ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Àfi ojú màmá yín, á máa dán láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Ìyá Ọlọ́dà á gbé pọ́dà wá, á lẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ìyàwó yín á nù ún."

Akunère gbé páálí rẹ̀, àna rẹ̀ sì tẹ̀ lé e.

Láàárọ̀ yìí, Dán-bí-Dígí ti jókòó sídìí tábìlì, orí rẹ̀ funfun báláú. Ó fi ìka méjì mú ère ọkùnrin kan tó dé fìlà.

"Bùọ̀dá, ta nìyí?"

Akunère wò ó, ojú rẹ̀ le.

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ màmá mi lẹ́yìn ikú bàbá mi ni. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò gbọdọ̀ rí fáníìṣì kankan, jẹ́ kí ọ̀dà rẹ̀ máa ṣí."